Ìyìn Kì í Tan Iná

Ìwọ òǹkàwé mi, bí o bá jẹ́ ọmọ Ìdó, tàbí bí ọ̀nà ilé-ìwé rẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, kò sí àní-àní pé o ti rí bí àwọn ènìyàn ti í ra ẹ̀wà. Ẹni tí ó ń tà á yóò máa yin ọjà rẹ̀. Yóò ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó, yóò ní kòkòrò kò dé ibi tí ó wà rí, yóò sì fi orúkọ Ọlọ́run búra lé e. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì ki ọwọ́ bọ inú àpò náà títí dé ìgúnpá, nítorí ó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ àpò ni òtítọ́ ẹ̀wà wà. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ẹni tí ń tà kò ka ọwọ́ tí a kì bọ àpò rẹ̀ sí ìwọ̀sí, nítorí òun náà ti ki ọwọ́ bọ àpò ẹlòmíràn kí ó tó ra ẹrù náà wálé. Ọkọ̀ ojú irin, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Ìdó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ni ó sọ Ìdó di ibi tí ẹrù òkè ń sọ̀kalẹ̀ sí, àwọn tí ó sì ń ná ọjà níbẹ̀ ti kọ́ ọgbọ́n yìí láti ìgbà pípẹ́.

Nípa ìyìn àti nípa ọwọ́ tí a kì bọ àpò ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni, àti ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nígbà tí agogo ilé-ìwé bá ti lù tán.

Ìwọ náà yóò ti ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ titun kan ti wọ ìlú wa. Nígbà ìsinmi gígùn, tàbí ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ a máa péjọ sí yàrá kan ní Yábàá, ní Sùúrùlérè tàbí ní Makoko, kì í ṣe láti tún àkọ́sórí kọ́, bí kò ṣe láti ṣe nǹkan. Wọ́n a máa ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n a máa so wáyà mọ́ bátìrì. Wọ́n a máa kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀lé. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá. Seymour Papert, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó dá èdè Logo sílẹ̀ ní ọdún 1967, kí ọmọdé lè máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà dípò kí kọ̀ǹpútà máa pàṣẹ fún ọmọdé. Ní ọdún 2006 ni a kọ́kọ́ pe àpéjọ àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, èyí tí wọ́n ń pè ní Maker Faire, ní ìpínlẹ̀ California. Ní ọdún 2009, ti ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Accra. Ní Èkó níhìn-ín, ẹgbẹ́ W.TEC, tí Oreolúwa Lesi dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ nígbà ìsinmi láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti tẹ̀lé e.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo wá gbógun ti ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí a ti ń ṣe láti kékeré ni ó wọ aṣọ titun padà wálé. Àwa tí a dàgbà ní etí ojú irin mọ mọ́tò agolo. Agolo sàdíìnì ni ara rẹ̀, ìdérí ìgò mẹ́rin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so ẹsẹ̀ méjì-méjì pọ̀, okùn ni a sì fi ń fà á. Bí ihò tí o fi ìṣó lu kò bá sí ní àárín gbùngbùn ìdérí, mọ́tò rẹ yóò máa tiro bí ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Bí igi náà bá gùn jù, ẹsẹ̀ yóò yọ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ojú yóò sì tì ọ́. O óò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, o óò tún ihò náà lù. Kò sí bàbá tàbí ìyá tí ó dúró tì wá láti pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó nà wá. Ilẹ̀ ni olùkọ́ wa.

Ohun tí ó níye lórí jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ nìyí: nǹkan tí o ṣe lè wí fún ọ pé, “Rárá.” Ewé ìwé a máa dákẹ́ lórí àṣìṣe rẹ títí olùkọ́ yóò fi dé pẹ̀lú tàdáwà pupa, ṣùgbọ́n mọ́tò agolo kì í dákẹ́, kì í ṣe ojúsàájú, kì í sì í bínú sí ọ. Ó kàn ń tiro ni. Ẹ̀sùn tí mo ní, nígbà náà, kì í ṣe sí ẹ̀kọ́ yìí. Sí àwa àgbà tí a yí i ká ni, nítorí ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ “Rárá” náà.

Jẹ́ kí a gba orí afárá Carter kọjá láti Ìdó sí Ìdúmọ̀tà, kí a sì tẹ̀ síwájú títí dé Victoria Island, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Maker Faire Africa, tí ó ti lọ sí Accra, sí Nairobi àti sí Cairo, dé Èkó. Láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a pàtẹ síbẹ̀, ọmọbìnrin mẹ́rin kan gbé iṣẹ́ tiwọn wá. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ẹ̀kẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 15. Èmi kò ní í dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn ni mo wá bá wíjọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé wá, èyí tí a ní ìtọ̀ ènìyàn ni ó ń mú un ṣiṣẹ́.

Báyìí ni a ṣe tò ó. A da ìtọ̀ sínú ohun èlò kan tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó lè tú háídírójìn sílẹ̀ kúrò nínú ìtọ̀ náà. Háídírójìn fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ, ó sì máa ń gbiná wéré. A mú un gba inú omi kọjá láti sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀, a tì í sínú sìlíńdà, láti ibẹ̀ ó kọjá sínú omi bóráàsì tí ó gba ọ̀rinrin ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wọ inú jẹnẹrétọ̀. Ìròyìn tí ó jáde láti ibẹ̀ wí pé ìtọ̀ lítà kan yóò fún ènìyàn ní iná mànàmáná fún wákàtí 6. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti yí ayé ká. A ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ náà ní ilẹ̀ tí wọn kò tilẹ̀ dé rí.

Ọmọ ọdún 14 tí ó lè to àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ, tí ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú ohun tí gbogbo ènìyàn ń dà nù, tí ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí a gba ọ̀rinrin ara rẹ̀ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ọmọ lásán. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pẹ̀lú pé háídírójìn inú sìlíńdà kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ó lè bú gbàmù. Má ṣe dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé yín.

Wàyí o, jẹ́ kí a ki ọwọ́ bọ àpò.

Èròjà tí ọ̀nà yìí gbẹ́kẹ̀ lé nínú ìtọ̀ ni èyí tí à ń pè ní yúríà. Nínú ìtọ̀ lítà kan, yúríà lè tó bíi 20 gíráàmù. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ pátápátá, tí ẹyọ kan kò sì ṣòfò, háídírójìn tí a óò rí nínú rẹ̀ kò ju bíi 2 gíráàmù lọ. Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sọ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá márùn-ún agbára ohun tí ó ń jó di iná mànàmáná. Ìyókù a di ooru àti ariwo, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ń gbé Èkó ti mọ̀ dáadáa. Nítorí náà, 2 gíráàmù yẹn yóò tan gílóòbù kan tí ń jẹ 5 wáàtì fún àkókò tí kò pé wákàtí 3. Kì í ṣe odindi ilé fún wákàtí 6. Gílóòbù kékeré kan ṣoṣo ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le kò tíì dé. Háídírójìn kì í jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Iná mànàmáná ni a fi ń tú u sílẹ̀. Ní ọdún 2009, Gerardine Botte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ohio ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè tú háídírójìn kúrò nínú yúríà pẹ̀lú iná tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí a fi ń tú u kúrò nínú omi lásán. Síbẹ̀, bí a bá lo ọ̀nà ti yúríà yìí, tí òfò kankan kò sì sí, iná tí a óò ná kí 2 gíráàmù tó jáde tó láti tan gílóòbù wa fún wákàtí 4. Bí ó bá jẹ́ láti inú omi lásán ni, iná náà ì bá tàn án fún wákàtí 13. A ná wákàtí 4, a gba èyí tí kò pé wákàtí 3 padà. Ìyá tí ń tajà ní Ìdó kò nílò ìwé ẹ̀rí kankan láti mọ orúkọ tí à ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀.

A kò tíì pàtẹ́wọ́ tán tí àwọn tí ó mọ ìṣirò yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé kò lè rí bí a ti kọ ọ́. Àwọn kan fi ọ̀wọ̀ wí i. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Wo bí ó ti burú tó, ìwọ òǹkàwé: ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀, nígbà tí àyè ṣì wà láti tún un ṣe, àjèjì ni ó wí i níwájú gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun èlò ńlá ni a nílò láti mọ̀ ọ́n. Mítà kékeré tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe máa ń lò tó. Wọn iná tí ó wọlé, wọn iná tí ó jáde, kọ méjèèjì sílẹ̀ sínú ìwé. Nínú gbogbo ìròyìn nípa jẹnẹrétọ̀ náà tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́, wákàtí tí ó gbé jáde ni a kọ. Iye iná tí ó gbé mì kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n kọ ìròyìn wọ̀nyẹn. Àwọn àgbà ni wọ́n kà á, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ara wọn.

Kí ni ìbá ti ti inú òṣùwọ̀n náà wá? Kì í ṣe ìtìjú. Ẹni tí ó bá wọ̀n ọ́n yóò rí i pé inú ẹ́ńjìnnì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára náà ti ń ṣòfò. Ẹ̀rọ mìíràn sì wà tí kì í jó háídírójìn rárá, tí ń sọ ọ́ di iná mànàmáná ní tààrà, tí ó sì lè gba nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Pẹ̀lú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 2 gíráàmù kan náà yóò tan gílóòbù wa fún bíi wákàtí 6 sí 7. A ná 4, a gba 6. Lórí ìwé, a ti jèrè. Lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, iná tí à ń ná a máa ju ti orí ìwé lọ dáadáa, èrè náà a sì tún sá lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ti ń jìjàkadì. Ṣé o rí i bí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin náà ti súnmọ́ ilẹ̀kùn tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ń kàn? Ìyìn kò lè fi ilẹ̀kùn náà hàn ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n nìkan ni ó lè fi í hàn.

Ẹnìkan yóò wí fún mi pé ọmọdé ni wọ́n, pé bí a kò bá yin ọmọdé, ọkàn rẹ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì. Yóò sì rán mi létí pé àwọn àgbà ní, “Yinni-yinni kí ẹni lè ṣe òmíràn.” Òwe náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kà á dé òpin. Kí ẹni lè ṣe òmíràn! Nítorí òmíràn ni a ṣe ń yin ènìyàn. Ìyìn tí ó bá wí fún ọmọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pé, pé ayé ti gbà á, pé kí ó wá dúró kí a ya àwòrán rẹ̀, ti gba òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, kì í ṣe nítorí ọmọ náà ni a ṣe ń fún un. Nítorí tiwa ni. Ìlú tí iná kì í dúró, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn sùn, ebi ìròyìn ayọ̀ ń pa á. Bí ọmọ kan bá mú àṣeyọrí wá, a kì í fẹ́ bèèrè bí ó ti ṣe é. Àwọn tí ó wà ní òkèèrè pẹ̀lú fẹ́ràn ìtàn ọmọ Áfíríkà tí ó fi ìdọ̀tí ṣe iṣẹ́ ìyanu, nítorí ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa tu ọkàn lára láìná wọn ní kọ́bọ̀. Báyìí ni ọmọ a di àsíá tí àgbà ń fì.

N kò wí pé kí a fi ẹ̀gàn rọ́pò ìyìn. Ọ̀gá iṣẹ́ tí ó ń pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní olódo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ kò wọn ohunkóhun. Ẹ̀gàn rẹ̀ kò sọ ibi tí irin náà ti gùn jù, kò sì sọ bí ó ti gùn jù tó. Ọ̀gá rere ni èyí tí yóò gbé irin náà sínú ihò rẹ̀ lójú ọmọṣẹ́, tí àwọn méjèèjì yóò jọ rí i pé kò wọlé, tí yóò sì na ayùn-irin sí i láìsọ̀rọ̀. Ní ilé iṣẹ́ reluwé ní Èbúté-Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ìdó, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́ iṣẹ́ irin, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í bá ènìyàn ṣe àwàdà.

Fi ọ̀rọ̀ Victoria Island wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Màláwì. Ní àkókò ìyàn ọdún 2001 sí 2002, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba kúrò ní ilé-ìwé nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kò rí owó san. Ọmọ ọdún 14 ni òun náà. Ó ń lọ sí ilé ìkàwé kékeré kan, ó sì rí ìwé tí àwòrán ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí wà lára rẹ̀. Ó kó férémù kẹ̀kẹ́ jọ, ó kó ọ̀pá omi oníke tí ó fi iná tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kó abẹ̀bẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì katakata àti dáínámò kẹ̀kẹ́, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí òpó igi gíga. Àwọn ará abúlé rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́, gílóòbù tàn. Nígbà tí ó sì yá tí ó rí i pé wáyà tí ó fà sínú ilé lè fa ìjàǹbá iná, ó fi ìṣó, wáyà àti òòfà irin ṣe ohun kan tí yóò máa já iná náà fúnra rẹ̀ bí ewu bá dé. Kò sí ẹni tí ó rán an ní èyí. Àṣìṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ. Ó di ọdún 2006 sí 2007 kí àwọn oníròyìn àti àwọn ará òkèèrè tó gbọ́ nípa rẹ̀. Kíyè sí bí nǹkan ti tò tẹ̀lé ara wọn: iná ni ó kọ́kọ́ tàn, àtẹ́wọ́ ni ó tẹ̀lé e.

Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni a ń fi ìyìn ṣíwájú òṣùwọ̀n fún. Bí o bá wà lórí afárá Third Mainland, tí o sì wo ìhà Yábàá, ìwọ yóò rí Makoko, níbi tí àwọn ará Ẹ̀gùn kọ́ ilé wọn sórí omi. Ibẹ̀ ni Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán-ilé, ti kọ́ ilé-ìwé kan tí ó léfòó, tí a parí ní ọdún 2013. Igi ni ara rẹ̀, bíi 250 àgbá oníke ni ó gbé e dúró lórí omi. Ayé yìn ín. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, a fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní Fẹ́níìsì ní Ítálì lórí ilé kejì irú rẹ̀ tí ó kọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún kan náà, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ilé-ìwé Makoko sì wó. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Òjò kò ka ìwé ìròyìn. Ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà ni pé kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó tún àwòrán náà yà, a sì ti kọ́ irú rẹ̀ sí ibòmíràn, títí kan Mindelo ní erékùṣù Cape Verde ní ọdún 2021.

Igi a máa sọ òtítọ́ kíákíá, òjò pẹ̀lú. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni ó mọ bí a ti í ṣe ojú ayé. Ọmọ lè ya afárá tí kò lè dúró fún ìṣẹ́jú kan sójú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa dán níbẹ̀ bí wúrà. Òtítọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ní “Rárá” tirẹ̀: bí àmì kékeré kan bá sọnù nínú àṣẹ tí o kọ, iṣẹ́ náà yóò dúró, ìwọ yóò sì wá àmì náà títí ojú yóò fi máa ta ọ́. Papert fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ó gbà pé wíwá àṣìṣe ara ẹni rí, kí a sì tún un ṣe, ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n “Rárá” kejì wà tí kọ̀ǹpútà kò lè wí, èyí tí ó wà lẹ́nu ẹni tí yóò lo nǹkan náà.

Ní Makoko yìí kan náà ni àpẹẹrẹ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn wà. Abísóyè Àjàyí-Akínfọ́lárìn, tí ó ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rí, dá ẹgbẹ́ Pearls Africa sílẹ̀ ní ọdún 2012, ó sì ń kó àwọn ọmọbìnrin láti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ jọ lẹ́yìn ilé-ìwé láti kọ́ wọn bí a ti í kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ CNN kà á mọ́ àwọn 10 tí ó yìn jù lọ ní ọdún náà. Lára iṣẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni Makoko Fresh, ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí apẹja lè ti ta ẹja rẹ̀ fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́ láìsí alágbàtà láàárín. Ọmọ apẹja wà nínú àwọn tí ó ṣe é. Ìdí nìyí tí ó fi wù mí: adájọ́ iṣẹ́ náà ń sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ tí ó ṣe é. Ẹja kì í sì í dúró de ìyìn. Bí oníbàárà kò bá dé kí oòrùn tó wọ̀, yóò bàjẹ́. Síbẹ̀, àwọn oníròyìn ya ẹ̀rín àwọn ọmọ náà, wọ́n ya kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ya omi Makoko tí ó dúdú. Èmi ìbá fẹ́ kí ẹnìkan ka iye agbọ̀n ẹja tí a tà.

Ohun kan kù tí n óò mẹ́nu kàn kíákíá. Àwọn kan wà tí ń ta àpótí ìṣeré olówó iyebíye fún irú ẹ̀kọ́ yìí, tí a ti lu gbogbo ihò inú rẹ̀ sí àárín gbùngbùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ọmọ yóò tẹ̀lé àwòrán láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn, ẹ̀rọ náà yóò rìn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a óò fún gbogbo wọn ní ìwé ẹ̀rí kan náà. Kò sí ohun tí ó ráyè wí “Rárá” nínú rẹ̀. Mọ́tò agolo kọ́ mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì san kọ́bọ̀.

Nígbà tí ìsinmi bá ń parí lọ, a óò pè ọ́ síbi àfihàn irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn òbí yóò ti wọ aṣọ tí ó dára, a óò ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ọmọ tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì ti kọ́ ohun tí yóò wí sórí. Jẹ́ kí ó wí i tán. Lẹ́yìn náà, bi í léèrè pé kí ó fi èyí tí kò ṣiṣẹ́ hàn ọ́. Bí ó bá wo ojú olùkọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tí yóò dáhùn, kí i dáadáa, kí o sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá tàn, tí ó tẹ̀ ba, tí ó gbé etí aṣọ funfun náà sókè, tí ó fa àpò ìrẹsì kan jáde láti abẹ́ tábìlì, tí ó ń wí pé èyí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, èyí ni mo so wáyà rẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ tí ó fi jóná, èyí ni ó rìn dé ẹnu ọ̀nà tí kò sì padà, nígbà náà wá àga, jókòó tì í, kí o sì ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde.